Ife tí Rhoda Stallard Kò Gbé Délé

Iṣẹ́ ọkà híhù ni bàbá Rhoda Stallard ń ṣe. Silas lorúkọ rẹ̀. Òun ló ni ilé gígùn tó wà létí odò ní Wenbury, níbi tí wọ́n ti ń rẹ ọkà báálì sómi, tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó hù, tí wọ́n sì ń yan án fún àwọn tó ń pọn bíà. Òórùn ọkà yíyan kì í kúrò lára ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀. Àwọn ọmọ orí òkè a máa di imú bí Rhoda bá ń kọjá. Kì í bá wọn jà. Á lọ sídìí ògiri ilé bàbá rẹ̀, á máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn.

Ògiri yẹn ló kọ́ ọ ní tẹníìsì. Bíríkì àtijọ́ ni, kò tẹ́jú. Bọ́ọ̀lù tó bá bà á kì í padà síbi téèyàn ń retí. Ẹni tó bá ń bá irú ògiri bẹ́ẹ̀ ṣeré láti kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ yá. Àwọn òṣìṣẹ́ bàbá rẹ̀ máa ń wò ó bí wọ́n bá jáde wá gba atẹ́gùn.

"Rhoda, kí ni ògiri yìí ṣe fún ẹ?"

"Ó ń bú yín ni, mo ń gbèjà yín."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní irun imú yín ti hù ju ọkà lọ."

Èmi ni mo ń tọ́jú pápá ẹgbẹ́ tẹníìsì Wenbury nígbà yẹn. Mo ń gé koríko, mo ń fi ẹfun fa ilà, mo sì ní ẹṣin kékeré kan tó ń fa rólà onírin. Bàtà awọ la máa ń wọ̀ fún ẹṣin náà kí pátákò rẹ̀ má bàa dá ihò sílẹ̀. Ojú mi ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe. Èyí tí kò ṣojú mi, ìyá Tuckey tó ń tọ́jú yàrá ìmúra àwọn obìnrin ló sọ ọ́ fún mi, ìyá Tuckey kì í sì í purọ́.

Ẹgbẹ́ náà kì í gba obìnrin àfi tí bàbá rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀. Silas Stallard bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gba òun. Ìgbìmọ̀ ní kó ní sùúrù dìgbà tí àyè bá ṣí. Lọ́dún yẹn kan náà wọ́n gba agbẹjọ́rò méjì àti oníṣègùn eyín kan. Àyè Silas ò ṣí rí.

Isobel Wraxall ló mú Rhoda wọ pápá. Ọmọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Wraxall ni, ẹgbẹ́ Rhoda sì ni lọ́jọ́ orí. Ó rí i níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ àjọyọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fà á lọ́wọ́ wá. Òfin ẹgbẹ́ ni pé àlejò gbọ́dọ̀ bá ọmọ ẹgbẹ́ wọlé láti ẹnu géètì. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti jáde, àlejò náà á jáde. Torí náà, ní gbogbo àárọ̀ tí òjò ò bá rọ̀, Rhoda á dúró lẹ́nu géètì títí Isobel á fi dé. Mo rí i tó dúró nínú ìrì, mo rí i tó dúró nínú oòrùn. Nígbà mìíràn Isobel ò ní wá rárá.

"Míìsì, ẹ wọlé wá jókòó lábẹ́ igi," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Ẹṣin yín ńkọ́, Ọ̀gá Orchard? Ṣé ó máa panu mọ́?"

"Èyí? Òun ló ń ròyìn gbogbo wa fún ìgbìmọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wọlé.

Bí àwọn méjèèjì ṣe ń ṣeré yàtọ̀. Ọwọ́ Isobel dára wò. Ọwọ́ Rhoda le. Nígbà yẹn, ìsàlẹ̀ ni gbogbo obìnrin ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ wá, bí ẹni ń da omi. Rhoda gbé ọwọ́ sókè ju orí lọ bí ọkùnrin, ó sì ń gbá a wálẹ̀. Àwọn ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ ní kò bójú mu. Wọn ò sì yé wò ó. Ó kọ́ Isobel náà ní ìgbá yẹn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú lókè, ó ń sọ fún un pé, "Má bẹ̀ ẹ́. Gbá a."

Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Mi ò ní purọ́ mọ́ ìyẹn. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì kan náà lábẹ́ igi, wọ́n ń fi àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Isobel a máa fi irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ṣeré, á na ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, á ní, "Ẹ dúró ṣinṣin, ẹ̀yin ọkà báálì!" Rhoda á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí Rhoda tó gba ife kankan, àwọn méjèèjì lọ sí ìdíje kékeré kan ní Tolbridge, wọ́n sì bá ara wọn pàdé ní àṣekágbá. Nígbà yẹn, bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tàbí ọ̀rẹ́ méjì bá pàdé báyìí, ọ̀kan a máa fi sílẹ̀ fún èkejì. Á sọ fún rẹfirí pé ọwọ́ ń dun òun. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní èrú. Ohun tí wọ́n rí bí ìtìjú ni kí àwọn tó fẹ́ràn ara wọn máa du ẹ̀bùn lójú gbogbo ayé.

"Bàbá mi ń bọ̀ wá wò mí," Isobel wí. "Jọ̀ọ́, fi èyí sílẹ̀ fún mi. Ìgbàkigbà tá a bá tún pàdé, èmi ni màá fi sílẹ̀ fún ẹ."

"Ìgbàkigbà?"

"Mo fi ìyá mi tó kú búra."

Rhoda fi sílẹ̀. Wọ́n fún Isobel ní búrọ́ọ̀ṣì irun tí wọ́n fi fàdákà ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìgbà ìdíje Wenbury tó máa ń wáyé ní oṣù Júláì nìkan ni géètì ẹgbẹ́ máa ń ṣí fún gbogbo obìnrin ilẹ̀ náà, àwọn àgbà òṣèré tẹníìsì sì ń wá láti Dublin àti láti Àríwá. Rhoda wọ̀ ọ́, ó sì gba ife. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ láti ìlú wa tó gbà á. Lọ́dún kejì ó tún gbà á. Àwọn ìwé ìròyìn pè é ní asíwájú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, asíwájú dúró lẹ́nu géètì, ó ń retí Isobel.

Òfin kan wà tí wọ́n kọ sára pátákó nínú yàrá tíì. Obìnrin tó bá gba ife náà lọ́dún mẹ́ta léraléra, ife di tirẹ̀, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin yẹn ò ronú kan ọmọ Silas. Rhoda mọ òfin náà. Ó máa ń wo pátákó yẹn bí ó bá ń mu tíì. Kò fẹ́ fàdákà. Ohun tó fẹ́ ni kó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Ní ayé ìgbà náà, ẹni tó ní ife lọ́wọ́ kì í bá wọn jà láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje. Àwọn yòókù á máa yọ ara wọn títí á fi ku ẹnì kan. Ẹni yẹn ló máa wá bá onífe ní ọjọ́ Sátidé, ìjà kan ṣoṣo. Ó dà bí àǹfààní fún onífe. Kì í ṣe àǹfààní. Ara olùpèníjà ti gbóná láti ọjọ́ Mọ́ńdè, ara onífe tutù. Onífe gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa bá a ṣeré lójoojúmọ́ kí ara rẹ̀ má bàa di. Ẹni tó ń bá Rhoda ṣe é ni Isobel.

Lọ́dún kẹta, Isobel forúkọ sílẹ̀ láti bá wọn du ife.

Mo ń tú àwọ̀n nígbà tó sọ ọ́ fún Rhoda.

"Ìwọ?" Rhoda wí. "O ní ìlàágùn ò bá awọ ẹ mu."

"Bàbá ní kí n gbìyànjú. Tí mo bá bá a dé Sátidé ńkọ́?"

"Màá jókòó, màá máa jẹ kéèkì. Ìwọ wá fi sílẹ̀ fún mi, bá a ṣe sọ."

"Ojúkòkòrò kéèkì," Isobel wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kò sẹ́ni tó rò pé ó máa débẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń yọ wọ́n. Ìgbá òkè tí Rhoda kọ́ ọ ló fi ń pa wọ́n. Torí pé ó ń ṣeré lójoojúmọ́, kò ráyè bá Rhoda ṣe. Rhoda ò wá ẹlòmíràn. Ó sọ fún ìyá Tuckey pé bí ẹlòmíràn bá na Isobel, òun máa na onítọ̀hún, bí Isobel bá sì dé òpin, kò sí ìjà mọ́. Láti ọjọ́ Wẹ́sìdé ni kò ti fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló jókòó sí, tó ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Ní Fúráìdé, Isobel na Míìsì Devenish ará Dublin, ọ̀kan lára àwọn tó le jù. Ó wá ku òun àti Rhoda. Lẹ́yìn eré, wọ́n jókòó síbi tíì lábẹ́ igi. Mi ò jìnnà sí wọn.

"Lọ́la, aṣọ wo lo máa wọ̀?" Isobel bi í.

"Mo ti ń rò ó. Búlúù yẹn wà níbẹ̀, èyí tí bàbá mi rà. Òun náà ń bọ̀. Kò tí ì wọ pápá yìí rí láyé ẹ̀."

"Búlúù bá ẹ mu."

"Ọrùn ẹ̀ ò ga jù?"

"Kò ga. Wọ̀ ọ́."

"Ìwọ ńkọ́, kí lo máa sọ fún rẹfirí? Ọwọ́ ni àbí ẹsẹ̀?"

"Màá wá nǹkan sọ."

"Sọ pé ẹsẹ̀ ni. Bó o bá sọ ọwọ́, o ò ní lè mu tíì lójú wọn."

Isobel bu ṣúgà sí tíì rẹ̀, ó ro ó pẹ́.

Ní Sátidé, Silas Stallard wá. Ó ti fọ irun rẹ̀, ó dé èyí tó tuntun nínú fìlà rẹ̀, ó jókòó sí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Rhoda wọ aṣọ búlúù náà. Ọrùn rẹ̀ ga, apá rẹ̀ fún, ìdí rẹ̀ gùn dé ilẹ̀. Bàtà aláwọ gíga ló wọ̀ sí i. Rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nílé létí odò, ó rò pé òun á ráyè lọ gbé e wá fún eré eléèyàn méjì ti ọ̀sán.

Isobel jáde láti inú yàrá ìmúra. Aṣọ funfun ló wọ̀, èyí tí ìdí rẹ̀ ò kanlẹ̀, àti bàtà rọ́bà. Rákẹ́ẹ̀tì méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Rhoda náà pàtẹ́wọ́. Ó rò pé Isobel fẹ́ wá kí àwọn òǹwòran ni. Ìgbà tó rí i tó bọ́ sórí ilà ló dìde.

"Isobel, kí lo ń ṣe?"

"Mo wá ṣeré."

"Ṣé awàdà ni?"

"Rẹfirí bi mí bóyá mo ti ṣetán, mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

"O búra fún mi."

"Ọmọdé ni wá nígbà yẹn."

"Ọdún mẹ́ta péré ni! Àná ńkọ́? Àná náà, ọmọdé ni wá? O ní kí n wọ búlúù."

"Rhoda, wọ́n ń wò wá. Má pariwo, jọ̀ọ́."

Rẹfirí, Ọ̀gbẹ́ni Loveridge, sọ̀ kalẹ̀ látorí àga gíga rẹ̀. Onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni, kò sì mọ ohunkóhun nínú rẹ̀. "Míìsì Stallard, ẹ máa ṣeré ni, àbí ẹ fi sílẹ̀?"

Gbogbo òǹwòran ń wò ó. Silas ti dìde lẹ́yìn, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

"Màá ṣeré," Rhoda wí.

Wọ́n fún un láyè díẹ̀ kó múra. Kò tó láti sáré délé. Isobel na ọ̀kan nínú rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí i. "Gba èyí. Mo ní méjì." Rhoda wo rákẹ́ẹ̀tì náà, ó wo ọwọ́ tó nà án, ó sì kọjá lọ. Míìsì Devenish tí wọ́n na lánàá ló bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra.

"Mú tèmi," ó wí. "Orí ẹ̀ wúwo díẹ̀. Bá mi fi gbá a kúrò nílé ayé."

Ìyá Tuckey bọ́ bàtà kánfáàsì ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún un. Ó tóbi, wọ́n ki àkísà sí i. Lẹ́yìn náà ló mú sísọ́ọ̀sì.

"Aṣọ tuntun ni, ìyá," Rhoda wí.

"Ó ti gbó. Gbé apá ẹ sókè." Ó ya èjìká aṣọ náà méjèèjì.

Nínú eré àwọn obìnrin, ẹni tó bá jẹ géèmù mẹ́fà ló ni abala kan, abala méjì ló sì ń fúnni ní ìborí. Abala àkọ́kọ́, géèmù kan ṣoṣo ni Rhoda rí jẹ. Bàtà yẹn ń yọ̀, ìdí aṣọ ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Isobel mọ ọ̀nà rẹ̀ gbogbo. Ó mọ̀ pé Rhoda kì í fẹ́ràn bọ́ọ̀lù kúkúrú tó rọ̀ sẹ́bàá àwọ̀n, ó sì ń fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni ì bá tún mọ ìyẹn? Inú eré àárọ̀ ló ti mọ̀ ọ́n.

Ní abala kejì, Rhoda ká ìdí aṣọ sọ́wọ́ òsì, ó dì í mú sára, ó sì ń ṣeré bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan láàárín òǹwòran bo ojú ọmọbìnrin rẹ̀. Rhoda jẹ abala yẹn. Àwọn èèyàn ti ń dìde. Àwọn tí kò ní jẹ́ kó bá wọn jókòó jẹun láéláé ń pe orúkọ rẹ̀.

Abala kẹta gùn. Bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà kan, ó sáré lọ bá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ó sì dá a padà. Wọ́n jẹ géèmù márùn-ún-márùn-ún. Òfin wá di pé ẹni tó bá fi méjì ju ẹnìkejì ló ni ín. Isobel jẹ kan, ó sì jẹ èkejì. Bọ́ọ̀lù tó gbá kẹ́yìn bà sórí ilà tí èmi fúnra mi fà. Ẹfun fò sókè. Ó wọlé. Kò sí iyèméjì níbẹ̀.

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lókè àwọ̀n. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ń jó lórí àga.

Silas wá bá mi níbi tí mo dúró sí. "Ṣé ó tán ni?"

"Ó tán, Ọ̀gá Stallard."

"Ife yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mo ti ní kí wọ́n palẹ̀ tábìlì mọ́ dè é," ó wí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Kò tí ì tán fún Rhoda, kò sì tún sí àyè fún un láti délé. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà, òun àti Isobel ní àṣekágbá eré eléèyàn méjì-méjì, èyí tí wọ́n ti borí dé kó tó di Wẹ́sìdé, láti bá àwọn ọmọ Garside ṣe, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò láti Àríwá. Ìyá Tuckey ní Rhoda jókòó nínú yàrá ìmúra, ó fi ẹsẹ̀ sínú omi, nígbà tí Isobel wọlé tó sì ti ilẹ̀kùn. Kò rí ìyá Tuckey lẹ́yìn àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́.

"Kò yẹ kí èyí ba ọ̀rẹ́ wa jẹ́," Isobel wí. "Kò sí nǹkan tó yí padà. Ìgbà tó bá wù ẹ́ lo ṣì lè wá síbí. Màá máa mú ẹ wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀."

Rhoda ò gbé ojú sókè. "Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ṣe é?"

"Torí kí ni?"

"Kó lè máa rí bíi ti tẹ́lẹ̀."

Isobel kọjú sí dígí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bó o bá gba ife yẹn, ṣé wàá tún nílò mi?"

"Èwo ni nílò? Ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́."

"O ò dáhùn."

"Ìwọ ni kò dáhùn, Isobel. Àná ni kó o ti dáhùn. Ì bá ṣe pé o sọ fún mi pé o fẹ́ jà, màá gbé bàtà mi wá, màá sì fẹ́ràn ẹ síbẹ̀."

Isobel tún irun rẹ̀ so níwájú dígí, ó jáde. Ìyá Tuckey yọ láàárín aṣọ.

"Ọmọ mi, lọ sílé. Jẹ́ kó lọ dá ṣe é."

"Àwọn Garside wọ ọkọ̀ ojú irin láti òru wá," Rhoda wí. "Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan." Ó tún ki àkísà sínú bàtà.

Nínú eré eléèyàn méjì, ẹni tí bọ́ọ̀lù bá sún mọ́ á kígbe pé òun ló ni ín, kí ẹnìkejì lè kúrò lọ́nà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu Isobel ń pè díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ èsì, òun náà dákẹ́. Bọ́ọ̀lù kan wá tó bọ́ sí agbedeméjì wọn. Rọra ló wá, ọmọdé lè dá a padà. Rhoda dúró. Isobel dúró. Bọ́ọ̀lù bà sílẹ̀, ó fò, ó yí lọ. Àwọn òǹwòran kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ọmọ Garside tí kò gba nǹkan kan rí láyé wọn borí, ojú sì tì wọ́n láti yọ̀.

Rhoda ò dúró lẹ́nu géètì mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ó ṣeré níbòmíràn. Ó gba ife ní Wales, ó gba ọ̀kan ní Àríwá, ó sì gba ife ńlá ní Dublin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ilẹ̀ náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọ̀nà jìn, kò sì sí ibi tó ti lè máa ṣe ìdánrawò lójoojúmọ́ nílé, àfi ìdí ògiri. Ògiri ò lè kọ́ àgbà òṣèré ní nǹkan tuntun.

Oṣù Júláì tún ń sún mọ́lé. Isobel ló wá di onífe, òun ni kò wá rí ẹni bá a ṣeré. Mo lọ gba èèrí ọkà fún ẹṣin mi lọ́dọ̀ Silas lọ́jọ́ kan, ni Isobel bá wọlé. Rhoda di ṣọ́bìrì mú, ó ń yí ọkà níbi tí wọ́n ti ń yan án.

"Rhoda. Àwọn tó wà ní pápá ò mọ̀ ọ́n gbá. Wá bá mi ṣe, àárọ̀ nìkan."

"Ọkà wà lórí iná. Bí mo bá fi sílẹ̀, ó máa jó."

"Wọ́n máa gba ife lọ́wọ́ mi."

"Ó ṣeé ṣe."

"Ṣé o ò ní dárí jì mí ni?"

"Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Ìyẹn ò ní kí n wá bá ẹ gbá bọ́ọ̀lù. Sún sẹ́yìn, eérú máa ba aṣọ ẹ jẹ́."

Isobel pàdánù ife náà sọ́wọ́ Míìsì Devenish. Eré náà ò pẹ́. Ó fẹ́ agbẹjọ́rò kan lọ́dún yẹn, ó sì kó kúrò ní Wenbury.

Nígbà tí Silas kú, Rhoda ní kí n bá òun gbin koríko sórí ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ọkà, kí òun lè ní pápá tòun. Mo sọ fún un pé kò ní dára. Lọ́dọọdún ni odò ń gun ibẹ̀, amọ̀ ló sì wà nísàlẹ̀. Ó ní kí n gbìn ín. Ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Bọ́ọ̀lù ò fò dáadáa lórí amọ̀, àwọn ọmọ náà ò sì lè dá ìgbá rẹ̀ padà. Eré rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ìgbà tó tún lọ sí Dublin, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló nà án lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò lọ mọ́. Kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún.

Ó dàgbà, kò lọ́kọ, ó ń bójú tó ọkà. Lọ́jọ́ kan, a jókòó sórí àpò ọkà, àgbà ti dé sí àwa méjèèjì, mo wá bi í léèrè ohun tí mo ti fẹ́ bi í tipẹ́. Mo ní bó bá jẹ́ pé bàtà tirẹ̀ ló wọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ṣé ì bá borí?

Ó rò ó.

"Kì í ṣe bàtà," ó wí. "Ní abala kẹta, bàtà ti bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Mo ń retí pé ó máa gbá ọ̀kan síta fún mi ni. Ẹyọ kan péré. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá gbá, màá kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀ kí n tó wo bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa pẹ́."

"Títí dé èyí tó kẹ́yìn?"

"Èyí tó kẹ́yìn gan-an ló dá mi lójú jù pé ó máa gbá síta."